Bí Ọbẹ̀ Ata Ìnáwó Ṣe Ń Jinná Nínú Ìkòkò Ńlá

Ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, bí àlejò tí à ń retí bá ti lé ní ọgọ́rùn-ún, ìdáná ti kúrò nínú ilé nìyẹn. Ìbáà ṣe ìkómọ, ìbáà ṣe ìgbéyàwó, òkú àgbà tàbí ìṣílé, ẹ̀yìnkùlé ni wọn yóò gbé ìkòkò lọ. Àwọn ìyàwó ilé á pé jọ, àwọn ará àdúgbò á sì mú ọ̀bẹ àti ọpọ́n wọn dání wá. Àmàlà lè wà, ìrẹsì lè wà, gbẹ̀gìrì àti ewédú lè wà, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ata ni gbogbo wọn ń dúró dè. Òun ni à ń bù sí ọkà, òun là ń bù lé ìrẹsì, òun náà sì ni àlejò máa ń rántí nígbà tó bá ń sọ pé ìnáwó lágbájá dùn tàbí kò dùn.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ń ta sánsán nílé ni ìkòkò ìnáwó ti dójú tì. Ọbẹ̀ á máa run ata tútù, tàbí kí ìdí rẹ̀ jóná nígbà tí òkè ṣì ń ṣomi, tàbí kó ti kan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ọwọ́ wọn mọ ọbẹ̀ dáadáa o. Ìṣirò ló ṣì wọ́n lọ́nà. Wọ́n rò pé bí ọbẹ̀ ènìyàn mẹ́wàá bá gba báyìí, ti igba ènìyàn á gba ìlọ́po ogún. Ìṣirò yẹn tọ̀nà fún ẹran, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà fún iyọ̀. Ṣùgbọ́n iná, omi àti àsìkò ní òfin tiwọn.

Ẹ mú ìkòkò méjì, kí ọ̀kan fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èkejì, kó sì ga ní ìlọ́po méjì rẹ̀. Ojú lásán á ní ìlọ́po méjì ni. Ẹ wá fi omi wọ̀n wọ́n: ìkòkò kékeré mẹ́jọ ni ńlá kan ṣoṣo yóò gbà kó tó kún. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ tí iná ń jó, àti ẹnu rẹ̀ tí ooru ń gbà jáde, ìlọ́po mẹ́rin péré ni wọ́n fi ju ti kékeré lọ. Èyí túmọ̀ sí pé lítà ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìkòkò ńlá ń rí ìdajì iná tó yẹ kó rí, ìdajì àyè ló sì ní láti fi tu omi ara rẹ̀ sílẹ̀. Nítorí náà, ó ń pẹ́ kó tó hó, ó ń pẹ́ kó tó gbẹ, bó bá sì gbóná tán, ó ń pẹ́ kó tó tutù. Orí ohun mẹ́ta yìí ni gbogbo iṣẹ́ àwọn alásè wa dúró lé.

Ìdí nìyẹn tí alásè tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè agbada tàbí ìkòkò tó lanu gbàgà kó tó béèrè èyí tó jinlẹ̀. Inú èyí tó lanu ni a ti ń dín ata. Èyí tó jinlẹ̀ wà fún ìgbà tí ọbẹ̀ bá ti jinná tán, tí a fẹ́ kó máa gbóná de àlejò. Bí ata bá pọ̀, kí a dín in ní agbada méjì lórí iná méjì sàn fíìfíì ju kí a rọ gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò jíjìn kan lọ. Igi tó máa lọ sí i lè pọ̀ díẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n wákàtí tí a ó fi dúró nídìí iná á dín kù púpọ̀.

Ká mú igba ènìyàn fún àpẹẹrẹ. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba 150 mílílítà ọbẹ̀, 30 lítà nìyẹn. Ìkòkò tó ń gba 50 sí 60 lítà ni kí ẹ wá, kí ọbẹ̀ má baà hó dà sínú iná. Ata àti tòmátì tútù tí yóò di ọbẹ̀ yìí kò yẹ kó dín ní 40 kílò. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, mo fẹ́ràn kí tàtàṣé kó márùn-ún, kí tòmátì kó mẹ́ta, kí àlùbọ́sà kó ọ̀kan àti ààbọ̀, kí rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀ wá pín ààbọ̀ tó kù láàárín ara wọn. Tàtàṣé ló ń fún ọbẹ̀ ní àwọ̀ àti ìki, tòmátì ló ń fún un ní adùn kíkan díẹ̀, àlùbọ́sà ló ń mú un dùn.

Ọjà Akẹ́sán, nítòsí ààfin Aláàfin, èyí tí ìjọba tún kọ́ lẹ́yìn tí iná jó o ní oṣù kìíní ọdún 2020, ni ọ̀pọ̀ ará Ọ̀yọ́ ti ń ra ata wọn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ a máa gba Sábó lọ. Púpọ̀ nínú tòmátì tó ń wọ ọjà wa ń ti Kánò, Kàdúná àti Kàtsínà wá, ọkọ̀ á sì gbé e gba Ìlọrin àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá kó tó dé Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn. Nítorí náà, ohun tó bá ṣe oko Hausa ń ṣe ìkòkò wa. Ní ọdún 2016, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde ọ̀rọ̀ pàjáwìrì lórí rẹ̀. Bí irú àkókò bẹ́ẹ̀ bá tún dé, ẹ jẹ́ kí tàtàṣé àti àlùbọ́sà dí àyè tòmátì. Ọbẹ̀ náà kò ní kan tó bẹ́ẹ̀, á sì tètè gbẹ.

Gbígbẹ yẹn gan-an ni iṣẹ́. Nínú 100 gíráàmù tòmátì tútù, ó lé ní 90 tó jẹ́ omi. Tàtàṣé náà kò jìnnà sí i. Nínú 40 kílò ata yìí, omi nìkan ju 35 kílò lọ. Kí omi lítà kan hó kò nira púpọ̀. Kí lítà kan náà yìí tó gbẹ tán lórí iná, yóò gba bíi ìlọ́po méje iná tí a fi mú un hó. Ẹni tó bá rí igi tó ń jó láti òwúrọ̀ tí ọbẹ̀ kò sì tíì ki, omi inú ata ló ń jẹ igi yẹn.

Ẹ ti ilé ẹlẹ́rọ ata bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó bu omi sí ata kó lè yára lọ. Tòmátì ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i, omi tirẹ̀ ló máa ti tàtàṣé wọlé. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ dà á sínú àpò mímọ́, ẹ so ó kọ́ tàbí kí ẹ gbé òkúta lé e, kí omi rẹ̀ máa ro sínú ọpọ́n. Ẹ má fún un gbẹ pátápátá, nítorí adùn ń bá omi yẹn lọ; bó bá ti ro dé nǹkan bí ìdajì, ó tó. Ẹ lè fi omi tó ro sílẹ̀ yẹn sè lára ẹran. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bọ ata nínú agbada, láìfi epo sí i, kí omi tó kù fà. Ata tí kò tíì sí epo nínú rẹ̀ máa ń gbẹ kíákíá, ìdí rẹ̀ sì rọrùn láti rò.

Ní ti iná, àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òótọ́ ni lójúkorojú. Ohun tó bá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta kì í mì, bí ilẹ̀ tilẹ̀ rí gbágungbàgun. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló ń mì. Ìkòkò tí ọbẹ̀ 50 lítà wà nínú rẹ̀ wúwo tó àgbàlagbà kan, gbígbóná ló sì wà, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìdúró rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àdògán onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dára. Òkúta tó gbẹ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ má lo òkúta tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó nínú odò, nítorí omi tó wà nínú rẹ̀ lè di ooru kó sì fọ́ ọ yángá. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì náà a máa là lójú iná. Kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná, ẹ fi ọṣẹ tàbí eérú pípò pa ara rẹ̀ lóde. Èédú á lẹ̀ mọ́ ọṣẹ, á sì rọrùn láti fọ̀ lálẹ́.

Igi ayìn ni mo kà sí ọba igi ìdáná ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa. Ó le, ó wúwo, ẹyin iná rẹ̀ ń pẹ́ kó tó kú. Kajú náà ń jó dáadáa. Èyí tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń gé ẹ̀mí àti igbá lulẹ̀ fún igi ìdáná. Ẹ̀mí ló ń fún wa ní òrí, igbá ló ń fún wa ní irú, igi méjèèjì sì ń pẹ́ lórí ilẹ̀ kí wọ́n tó so èso. Ẹni tó fi igbá se ọbẹ̀ lónìí ti dáná sun irú ọ̀la. Igi yòówù kí ẹ lò, kó gbẹ. Igi tútù á kọ́kọ́ lo iná rẹ̀ fún gbígbẹ omi ara tirẹ̀ kó tó kàn ọbẹ̀, èéfín rẹ̀ á sì bo gbogbo àdúgbò.

Ọwọ́ iná ńlá dára nígbà tí omi ṣì wà nínú ata. Bí omi bá ti ń tán, ẹ fa igi sẹ́yìn, kó ku ẹyin iná. Ẹ gbé páànù sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí iná má baà máa sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lásìkò ọyẹ́, ẹ jìnnà sí koríko gbígbẹ àti sí abẹ́ ibòji aláṣọ, kí iyanrìn àti omi sì wà nítòsí.

A ti ń sè ẹran nígbà tí ata ń ro. Bí igba ènìyàn bá ń jẹ ègé méjì méjì, irinwó ègé nìyẹn, tí ègé kọ̀ọ̀kan bá sì tó 60 gíráàmù ní tútù, ẹran 24 kílò ni. Ṣàkì kì í jinná bá ẹran. Ẹ jẹ́ kó ṣáájú lọ sórí iná. Pọ̀nmọ́ ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Iyọ̀ díẹ̀, àlùbọ́sà púpọ̀, omi tó kàn bo ẹran mọ́lẹ̀, ó tó. Omi ẹran yìí ni yóò wọ ọbẹ̀ níkẹyìn dípò omi lásán, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dà á nù. Ẹni tí gbogbo ilé fọkàn tán ni kó jókòó ti ẹran, kó máa kà á, nítorí ìjà tí ọbẹ̀ kì í fà, ẹran a máa fà á.

Wàyí o, dídín ata. Ẹ gbé òróró kaná, nǹkan bí lítà mẹ́fà fún ìwọ̀n tí à ń sọ yìí; ẹni tó bá fẹ́ lè fi epo pupa là á. Àlùbọ́sà gígé ló kọ́kọ́ ń wọlé, kó rọ̀ kó sì pọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ata. Ẹ dúró tì í, kí ẹ fi etí àti ojú sí i. Lákọ̀ọ́kọ́, á máa hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, àwọn ìhó ńláńlá á máa bẹ́, á sì máa ta sí aṣọ àti apá ẹni tó ń rò ó. Omi ló ṣì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà, ooru inú rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bó ti wù kí igi pọ̀ tó. Ata ń bọ̀ ni, kò tíì máa dín. Bó bá yá, ìhó á kéré, ariwo á gbẹ, á di ṣàà, ṣàà. Pupa rẹ̀ tó ń dán á wá jinlẹ̀ bí amọ̀ tí wọ́n fi iná sun. Ẹ fi ọmọrogùn la àárín rẹ̀ kọjá: bí ipa rẹ̀ bá padé lójú ẹsẹ̀, omi ṣì kù, bó bá dúró díẹ̀ kó tó padé, ó ti dé. Epo á kọ́kọ́ yọ ní etí agbada, lẹ́yìn náà á gba gbogbo ojú rẹ̀. Ìgbà yìí ni ooru tó kọjá 100, òórùn ata tútù á lọ, òórùn tó ń fa aládùúgbò jáde nílé á sì gba ìta. Ẹni tó bá sọ pé epo ti yọ nígbà tó jẹ́ etí nìkan ló ti yọ ti kánjú, ọbẹ̀ yẹn á sì máa kan lẹ́nu.

Ibi tí adùn ti wá yìí náà ni jíjóná ti ń wá. Omi lásán nínú ìkòkò ń ro ara rẹ̀: èyí tó gbóná nísàlẹ̀ á gòkè, èyí tó tutù lókè á sọ̀ kalẹ̀. Ọbẹ̀ tó ti ki kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á jókòó síbẹ̀, iná á sì máa lù ú. Nítorí náà, ọwọ́ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí omi ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọrogùn gígùn tó kan ìdí, kó máa há a yíká, kó máa gbé ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ẹni méjì máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Bó bá wá jóná, ẹ má há ìdí náà rárá. Ẹ fa gbogbo igi jáde, ẹ rọra bu òkè sínú ìkòkò mìíràn, ẹ fi ìdí sílẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ohun tó jóná. Bí ẹ bá ti rò ó pọ̀ pẹ̀nrẹ́n, gbogbo 30 lítà ló ti gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ata títa tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ohun tó ń ta nínú ata, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní capsaicin, pọ̀ jù ní ara funfun tí èso ata lẹ̀ mọ́. Kì í yọ́ sínú omi, inú epo ló ń yọ́ sí. Nítorí náà, epo tó léfòó ló ń ta jù, ẹni tó bá sì bu òkè tọ́ wò á ní ọbẹ̀ ti ta jù, nígbà tí ìsàlẹ̀ kò ta tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó pọ̀ kí ẹ tó tọ́ ọ wò. Bó bá sì ta jù ní tòótọ́, omi kò ràn án. Ẹ ti fi tàtàṣé àti àlùbọ́sà tí kò ní rodo pamọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ dín in lọ́tọ̀, ẹ dà á sí i. Àgbàlagbà àti ọmọdé wà nínú àlejò, títa rodo sì lè máa hàn sí i bí ọbẹ̀ bá ṣe ń gbẹ lórí iná.

Ata yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa látìbẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ni òun àti tòmátì ti wá, lẹ́yìn ìrìn àjò Christopher Columbus ní ọdún 1492, àwọn oníṣòwò Potogí sì wà lára àwọn tó gbé e dé èbúté wa. Kó tó dé, atare àti iyèré wà níbí. Ní Texas ní Amẹ́ríkà, àwọn náà ní ọbẹ̀ pupa ẹlẹ́ran tí wọ́n ń pè ní chili, ìta gbangba ni wọ́n sì ti ń sè é fún èrò. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti ń díje nínú sísè é nílùú Terlingua, ilé aṣòfin Texas sì sọ ọ́ di oúnjẹ ìpínlẹ̀ wọn ní ọdún 1977. Ìkòkò ńlá tiwọn náà ń jóná nídìí bí wọn kò bá rò ó.

Bí ata bá ti dín tán, ẹ da omi ẹran sí i, kí ẹran wọlé, kí iná rọra máa jó o fún bíi ogójì ìṣẹ́jú. Iyọ̀ ìkẹyìn àti magí, ìparí ni kí ẹ ti fi sí i, nítorí omi ẹran ti gbé iyọ̀ tirẹ̀ dé, ọbẹ̀ sì ń gbẹ sí i. Irú pẹ̀lú, èmi máa ń fẹ́ kó wọlé nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú. Àwọn mìíràn ń dín in pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí méjì lórí iná ńlá ti pọ̀ jù fún irú. Òórùn rẹ̀ á ti bá ooru lọ.

Lẹ́yìn tí a bá gbé e sọ̀ ni ìkẹta nínú ohun mẹ́ta tí a kọ́kọ́ sọ máa ń jà. Ọbẹ̀ ńlá kì í tètè tutù. Èyí dára fún wákàtí tí àlejò ṣì ń jẹun: ẹ bo ìkòkò, ẹ fi ẹyin iná díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kó má lọ sílẹ̀ ju 60 Celsius. Ewu wà nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ti rẹ̀ lálẹ́, tí wọ́n bá pa iná, tí wọ́n sì fi ìdajì ìkòkò sílẹ̀ kó máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú. Àárín ìkòkò á wà ní ìwọ̀n ooru ara ènìyàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìyẹn gan-an ni kòkòrò àìfojúrí fẹ́. Ọ̀kan wà nínú wọn, Clostridium perfringens, tí èso rẹ̀ kì í kú bí ọbẹ̀ bá hó. Á dúró de ìgbà tí ọbẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bí. Àwọn mìíràn ń tu májèlé tí gbígbóná lọ́jọ́ kejì kò lè pa. Ìkòkò páànù tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń yọ́ rọ náà kò dára fún ọbẹ̀ ata láti sùn nínú rẹ̀, nítorí kíkan ata ń jẹ ara ìkòkò.

Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ bu ọbẹ̀ tó kù sínú abọ́ tí kò jinlẹ̀, kó fẹ́lẹ́ nínú wọn, kó lè tètè tutù. Ibi tí pípín fún àdúgbò ti ń wúlò nìyí. Àwọn àgbà agbo ilé, àwọn tó pọnmi, àwọn tó fọ́ igi, ẹni tó yá wa ní àga, Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, kí abọ́ kálukú dé ilé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sọ fún ọmọ tó ń gbé e lọ kó jíṣẹ́ pé kí wọ́n gbé e kaná lálẹ́ yìí, kó hó dáadáa, kí wọ́n tún sè é hó láàárọ̀ kí wọ́n tó bù ú jẹ. Ẹni tó bá ní fíríìjì, tí iná mànàmáná bá sì wà, kó gbé e síbẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti tutù.